Ogójì Káádì Lórí Bébà Dídán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara dà á. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo lo ọdún kan àti díẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹsẹ̀ mi sì dúró síbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni kí n fi abẹ́fẹ́lẹ́ gbẹ́ òdòdó sára rọ́bà, kí n lù ú mọ́ bébà, kí n sì kùn ún. Kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ báyìí ṣòro fún mi. Bí mo bá kọ gbólóhùn kan, n óò máa wò ó títí, bí ẹni tó ń wo ọbẹ̀ tí kò dá a lójú bóyá òun ti fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bébà ni mo fẹ́ sọ, bébà sì ni ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ju ẹni tó kàwé lọ. Ẹni tó kàwé ń ka ohun tó wà lórí bébà ni. Èmi ń ka bébà fúnra rẹ̀. Orí tábìlì tí mo fi ń gé káádì ni mo ti ń kọ èyí, ìmọ́lẹ̀ ń ti fèrèsé apá òsì mi wọlé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ló kọ́ mi níṣẹ́ ní Ifo. Àǹtí ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, èmi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní ọ̀nà tó lọ sí ibùdó rélùwéè. Wọ́n ń ṣe káádì ìgbéyàwó, káádì ìsọmọlórúkọ, káádì ọdún Iléyá àti ti Kérésì, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó ni wọ́n fi ń gbẹ́ òǹtẹ̀. Ẹni tó bá wọ sílípáàsì tó nípọn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, Àǹtí á ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀, wọ́n á sì kí i bí ajogún ṣe ń kí ẹni tó fẹ́ jogún.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan òǹtẹ̀. Bébà ni mo ń lá. Bí Àǹtí ṣe ń yan bébà nìyẹn: wọ́n á fi etí rẹ̀ kan orí ahọ́n. Bí ó bá di ahọ́n mú díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ jòjòló bá di ìka ènìyàn mú, bébà náà ń mu omi, á mu íǹkì, á sì mu àwọ̀. Bí ó bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀ mọ́ ahọ́n lójú ẹsẹ̀, ó mu jù nìyẹn. Íǹkì máa ta gbòǹgbò nínú rẹ̀, òdòdó tí ẹ lù máa dà bí aláǹtakùn. Bí ó bá sì yọ̀ bọ̀rọ́ lórí ahọ́n, ẹ gbé e sílẹ̀, kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín.

Wọ́n á tún ká a sí méjì, wọ́n á fi èékánná tẹ ojú ibi tó ti ká. Bébà rere á ká. Bébà burúkú á là bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọsàn á wá kàn. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí igun bébà, wọ́n á mú ọsàn kan, wọ́n á bó o láìkánjú. Tí èèpo bá tán lára ọsàn, wọ́n á fi àtàǹpàkò nu òdòdó náà. Bí ó bá dúró, a ra bébà. Bí kò bá dúró, a mu ọsàn.

Àǹtí kì í bá oníbàárà jiyàn. Bí ẹnì kan bá gbé bébà tirẹ̀ wá pé èyí ni dandan, wọ́n á ní, “Ẹ jókòó.” Wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí ti oníbàárà, wọ́n á lù ú sí tiwọn, wọ́n á bó ọsàn. Wọ́n á wá mú àtàǹpàkò oníbàárà fúnra rẹ̀, wọ́n á fi nu méjèèjì, wọn kò sì ní sọ nǹkan kan. Mo rí alàgbà kan tó wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan bí ẹni pé ó ti fi ọ̀rọ̀ àṣírí pa mọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, tí àtàǹpàkò náà sì lọ tú u síta. Ó ra bébà Àǹtí.

Mo fẹ́ràn ibi tí wọn kì í ti í sọ nǹkan kan yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń di ọwọ́ àgbà mú ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ojú máa ń tì mí gan-an ni. Bí mo bá wọ mọ́tò, n kì í lè pariwo “Ó wà o!” sí awakọ̀. Mo máa ń dúró de ẹlòmíràn tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, n óò tẹ̀ lé e, n óò sì fẹsẹ̀ rìn padà. Àwọn èèyàn a máa pe èyí ní ìwà pẹ̀lẹ́. Wọn kò mọ iye ìgbà tí mo ti fẹsẹ̀ rìn láti ibi tí ẹlòmíràn ń gbé.

Nígbà tí mo gbòmìnira iṣẹ́, mo kó wá sí Mowe lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Yàrá kan la ní. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, orí pákó tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ni mo sì ti ń ṣe káádì. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ aṣọ, ilé iṣẹ́ mi á kógbá sílé. Káádì tí mo ti kùn lórí ilẹ̀, lórí ibùsùn, lórí àpótí ìrẹsì, kò níye. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí mo kùn lórí ìdérí ìkòkò, ooru sì jáde lábẹ́ rẹ̀, káádì náà yí po bí ewé ẹ̀kọ.

Ìjọ wa wà lẹ́bàá títì ní Mowe. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ibẹ̀ ní alága kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Alága. Ibafo ni wọ́n ń gbé, táìlì ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ńlá, táìlì ilẹ̀ àti ti ògiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ táìlì yìí sọ́kàn. Lọ́jọ́ kan wọ́n rí káádì tí mo ṣe fún ìyá onílé wa, wọ́n sì pè mí lẹ́yìn ìsìn.

“Ìwọ lo ṣe èyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Pẹ̀lú ọwọ́ rẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Méjèèjì yìí?”

Wọ́n wo ọwọ́ mi bí ẹni pé ẹ̀kẹta wà níbì kan tí mo fi pamọ́. Wọ́n wá ní, “Ọjọ́ Àwọn Ìyá Àgbà ń bọ̀. Ogójì ìyá la fẹ́ bu ọlá fún. Ìwọ lo máa ṣe káádì ogójì. Bí ó bá dára, kọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀bù ìwé ìjọ ti di tìrẹ. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.”

Mo mọ kọ̀rọ̀ náà. Ìgbàkígbà tí mo bá ń kọjá ni mo máa ń yọjú wò ó. Tábìlì kan, àga kan, fèrèsé kan lápá òsì. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kun nǹkan mọ ohun tí fèrèsé apá òsì jẹ́: òjìji ọwọ́ rẹ kò ní bo iṣẹ́ rẹ mọ́lẹ̀. N kò tíì fẹ́ nǹkan kan láyé mi tó bí mo ṣe fẹ́ fèrèsé yẹn.

Mo rò pé n óò kàn lọ ra bébà ni. Ṣùgbọ́n ní ìjọ wa, a kì í ṣàdéédéé ra nǹkan. A máa ń yan ìgbìmọ̀ tó máa rà á. Ìgbìmọ̀ Bébà jẹ́ ẹni méje. Mọ́mì Alága ni olórí. Wọ́n ní igbákejì, wọ́n ní akọ̀wé, wọ́n ní ẹni tó ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó ń fi àdúrà parí. Ẹnì kan wà tí kò ní ipò kankan, àmọ́ tí ìjà ì bá ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá fi í sí i. Ẹnì keje ni Ìyá Àgbà kan, ọmọ bíbí Mowe, tí ìdílé wọn ti wà níbẹ̀ kí títì ńlá tó dé. Ìyá Àgbà máa ń sùn ní ìpàdé. Tí wọ́n bá jí, wọ́n á sọ òótọ́ kan, wọ́n á sì tún sùn.

Ilé Mọ́mì Alága ní Ibafo la ti ṣèpàdé. Mo jókòó sórí àga tó súnmọ́ ilẹ̀kùn. Bébà Àǹtí kan wà nínú báàgì mi, mo ti ká a róbótó, mo fẹ́ fi hàn wọ́n. Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni Mọ́mì kó wá. Akọ̀wé gbé àkọ́kọ́ sí etí, ó mì ín.

“Kò dún.”

“Ó gbọ́dọ̀ dún ni?”

“Bébà tó bá lọ́lá gbọ́dọ̀ dún. Ẹ gbọ́, ó dákẹ́ bí aṣọ àlòkù.”

Wọ́n ju àkọ́kọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ìkejì pọ́n bí ògì àná. Bébà gidi sì ni ìkejì yẹn, mo mọ̀ ọ́n láti ibi tí mo jókòó. Mọ́mì wá fa ẹ̀kẹta yọ, gbogbo yàrá sì mí kanlẹ̀. Funfun, ó ń dán gbinrin, iná àjà hàn nínú rẹ̀ ní odindi. Igbákejì alága gbé e sókè, ó sì fi tún gèlè rẹ̀ ṣe.

“Ẹ wo ojú mi nínú rẹ̀!”

“Ó tiẹ̀ fi yín hàn ju bí ẹ ṣe rí lọ.”

“Kí lẹ ní lọ́kàn?”

“Ẹ̀yin ẹ gba oríyìn, ẹ má wádìí rẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mọ́mì Alága fi àtẹ́lẹwọ́ yọ̀ lórí bébà náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. “Ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ da ọbẹ̀ sí i, ẹ nù ún, ó tán. Kò gba ìdọ̀tí.”

Ohun tí kò gba ìdọ̀tí kò ní gba íǹkì. Bébà kò mọ̀ pé ọ̀kan jẹ́ òdòdó, èkejì jẹ́ ẹrẹ̀.

“Ọmọ wa,” Mọ́mì ní, “ìwọ tó fẹ́ ṣe é ńkọ́? Báwo lo ṣe rí i?”

Ojú méjìlá yí padà sí mi. Ìyá Àgbà ń sùn. Ọwọ́ mi wà nínú báàgì, ó ti di bébà Àǹtí mú. Ahọ́n mi tó ti lá bébà tó kún àpò sìmẹ́ńtì kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ohun tó jáde ni, “Ó ń dán, mà.”

Òótọ́ ni. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé: oníṣẹ́ ọwọ́ fọwọ́ sí i.

“Ẹ wo ọmọ tí kì í jiyàn,” ni ẹni tí kò ní ipò wí. “Bí ọmọ tèmi ni, á ti bẹ̀rẹ̀ gírámà.”

Ìyá Àgbà jí. “Èwo ni òǹtẹ̀ máa dúró lára rẹ̀ nínú wọn?”

“A ti yan, mà,” ni Mọ́mì fèsì. “Ẹ sinmi.”

Ìyá Àgbà wò mí, wọ́n sì tún sùn.

Nígbà tí mo délé, mo lu òdòdó kan mọ́ bébà dídán náà. Íǹkì gúnlẹ̀ sórí rẹ̀ bí epo lórí omi. Mo bó ọsàn kan, n kò kánjú. Mo fi àtàǹpàkò nu òdòdó, gbogbo rẹ̀ sì bá àtàǹpàkò mi lọ, kò ku ewé kan. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun òmíràn, àwọ̀ náà kóra jọ sójú kan, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ aṣọ iṣẹ́ ọjọ́ kejì dúró lórí mi.

“Kí lo sọ fún wọn?”

“Mo ní ó ń dán.”

“O ní ó ń dán.” Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dúró. “Bí ilé bá ń jó, ìwọ á ní ó mọ́lẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.”

“Ta ló ń fi ọ́ ṣẹ̀sín? Iṣẹ́ rẹ ni wọ́n máa ṣépè fún, kì í ṣe bébà. Kò sẹ́ni tó ń bá bébà wí. Lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kí o sì la ẹnu. Ẹnu yẹn, o kò yá a.”

Mo lọ. Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí láti Mowe dé Ibafo: “Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, bébà yìí kò ní gba íǹkì.” Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án ni, mo kà á lórí ìka. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀ lórí táìlì wọn, orúnkún mi sì yọ̀ díẹ̀.

“Ọmọ mi! Kí ló dé? Ṣé kò sí?”

“Kò sí, mà.” Mo gbé ojú sí táìlì. “Mo ní kí n wá kí yín ni.”

Inú wọn dùn kọjá ààlà. Wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn jáde láti wá wò mí. “Nínú gbogbo ọ̀dọ́ ìjọ wa, ta ló tún máa wá láìní ohun tó fẹ́ bèèrè?” Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní ẹnu tí n kò fi sọ̀kò ọ̀rọ̀, Ọlọ́run máa fi oyin kún un. Wọ́n fún mi ní mọ́ọ̀tì tútù kan àti mííìtì páì. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo wọ mọ́tò padà sí Mowe, awakọ̀ sì gbé mi kọjá ilé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò méjì àti ọ̀kadà kan dé Ifo. Àǹtí fi etí bébà dídán náà kan ahọ́n, wọ́n sì yọ ọ́ kíá.

“Bébà kọ́ nìyí. Àwo ni. Lọ bu ìrẹsì sí i. Ta ló yàn án?”

“Ìgbìmọ̀ ni, mà.”

“Ẹni mélòó?”

“Méje.”

“Ahọ́n méje, kò sí ọ̀kan tó kan bébà. Ìwọ ńkọ́, ahọ́n kẹjọ?”

Àǹtí rẹ́rìn-ín wọn tó máa ń ti imú jáde. Wọn kò bá mi wí púpọ̀. Wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n kọ́ mi ní ọgbọ́n tí a fi ń bẹ irú bébà bẹ́ẹ̀: kí n fi páúdà ọmọdé nu ojú rẹ̀ kí n tó lù ú, kí íǹkì má pọ̀, kí n fi sí abẹ́ fáànù fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n má gbé ọ̀kan lé orí èkejì. “Ọwọ́ gbígbẹ lè rọra kàn án, kó má ṣe é ní nǹkan,” ni wọ́n wí. “Ọwọ́ tó bá ní òróró, má jẹ́ kó súnmọ́ ọn. Kódà kí ó má wọ yàrá.” Wọ́n wá ká bébà rere díẹ̀ fún mi láti mú lọ. “Èyí ni fún ọjọ́ tí o bá rí ẹnu.”

Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Fún ọ̀sẹ̀ kan, a kò ní ilẹ̀ nínú yàrá wa mọ́, káádì ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbẹ́sẹ̀ bí àkọ̀. Òdòdó pupa eléwé márùn-ún lórí ogójì bébà funfun, wọ́n rẹwà, n kò lè purọ́. Wọ́n sì gbẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ bí ọmọdé ṣe ń sùn nígbà tó bá ń díbọ́n: ojú dé, àmọ́ bí o bá fọwọ́ kàn án, á rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, tí ó ku ọjọ́ kan sí Ọjọ́ Àwọn Ìyá Àgbà, mo gbé wọn dé ìjọ lórí pákó búrẹ́dì méjì tí mo yá. Ìgbìmọ̀ pé. Wọ́n pariwo. Mọ́mì Alága ní, “Ẹ wo kúálítì!” Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé a máa kó wọn sínú àpòòwé wọn, kí á sì túká.

Mo ti gbàgbé òróró.

N kò mọ bí mo ṣe gbàgbé rẹ̀. Ní ìjọ wa, a kì í lo nǹkan tuntun láìta òróró sí i. Jẹnẹrétọ̀ wa gba òróró kó tó gba bẹntiróòlù. Àga ike ọgọ́rùn-ún tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ló lọ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ gbogbo wa sì yọ̀ lórí wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ̀kọ́ tí Àǹtí kọ́ mi wà lórí mi, àṣà ìjọ wa náà wà lórí mi, n kò sì so méjèèjì pọ̀ rí títí Mọ́mì fi mú ìgò òróró ólífì jáde nínú báàgì wọn.

“Ẹ jẹ́ kí á yà wọ́n sí mímọ́. Ẹ na ọwọ́ yín.”

Wọ́n da òróró sí àtẹ́lẹwọ́ gbogbo wọn, ó ń kán.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án, mà,” ni mo wí.

Mo sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta dùùrù ń tún ohùn rẹ̀ ṣe níwájú pẹpẹ, ohùn mi kò sì kọjá àgbọ̀n mi. Ọwọ́ mẹ́rìnlá balẹ̀ sórí káádì mi. Wọn kò kàn gbé e lé e. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń mì, wọ́n ń gbé ọwọ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn kí ọ̀kankan má bàa pàdánù ìbùkún. Mo di ojú. Àdúrà kan ṣoṣo ni èmi gbà, pé kí àdúrà wọn kúrú. Èyí tó ń fi àdúrà parí ní ẹ̀bùn gígùn.

“Àmín!” ni gbogbo wọn wí, wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè.

“Yéè! Ẹ wo ọwọ́ mi!”

“Òdòdó! Òdòdó yọ lọ́wọ́ Mọ́mì!”

Lóòótọ́ ni. Òdòdó eléwé márùn-ún kan wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún Mọ́mì Alága, pupa, ó pé, ewé kan ṣoṣo ló yẹ̀. Akọ̀wé ní ìdajì méjì. Igbákejì ní púpọ̀ tó fi jọ pé ó ti pa adìẹ.

“Iṣẹ́ ọwọ́ wa máa tanná!”

“Àmín!”

“Ẹ̀yin ẹ ní ìdajì, èmi ní odidi!”

“Ẹ mú sùúrù, tèmi ṣì ń yọ!”

Ìyá Àgbà ti jí. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. “Íǹkì ni,” ni wọ́n wí. “Ẹ wá ọṣẹ.”

“Ẹ jẹ́ kí á fi ojú ẹ̀mí wò ó, mà.”

“Mo ti fi ojú ẹ̀mí wò ó. Íǹkì ni.”

Kò sẹ́ni tó gbọ́ wọn ju bí wọ́n ṣe gbọ́ mi lọ. Mo wo àwọn káádì náà. Wọ́n ti padà sí bí ìgbìmọ̀ ṣe fẹ́ràn wọn tẹ́lẹ̀: wọ́n ń dán, kò sì sí nǹkan kan lára wọn bí kò ṣe ipa ìka àti àbàwọ́n pupa níbi tí òdòdó ti wà.

Mọ́mì ní kí á kó wọn sínú àpòòwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní lọ́la, nígbà ìjẹ́rìí, àwọn máa sọ fún gbogbo ìjọ bí ìtànná ṣe kúrò lórí bébà wá sọ́wọ́ àwọn, àwọn ìyá ogójì náà á sì gba káádì tí iṣẹ́ ìyanu ti kọjá lára rẹ̀. Wọ́n wá fi ọwọ́ òdòdó wọn wá inú báàgì, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ kan, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́.

“Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀ náà ti di tìrẹ. Àmọ́ o, bébà yìí nìkan ni wàá máa lò níbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní ayédèrú.”

“Ẹ ṣé, mà,” ni mo wí, mo sì kúnlẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ náà ń yọ̀ lọ́wọ́ mi nítorí òróró. Mo ti gba fèrèsé mi. Iṣẹ́ tó burú jù lọ tí mo ti ṣe láyé mi ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n nu ojú. Wọ́n ní, “Ogójì ìyá àgbà. Wọ́n máa ṣí i, wọ́n máa wá gíláàsì ojú wọn, wọ́n máa rò pé ojú àwọn ni kò ríran mọ́.” Mo kó òǹtẹ̀ àti bébà Àǹtí sínú báàgì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ìjọ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo ṣí kọ̀rọ̀ náà, mo ṣí fèrèsé. Mo tẹ́ bébà dídán kan sórí tábìlì, mo tẹ́ bébà Àǹtí kan tì í, mo gbé òǹtẹ̀ àti ọsàn kan síwájú. Mọ́mì Alága máa ń tètè dé láti ka àga. Wọ́n yọjú wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun wọn.

“Ó ti ṣí i! Ọmọ dáadáa.”

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo fa àga fún wọn, wọ́n jókòó. Mo lu òdòdó mọ́ bébà kìíní, mo lù ú mọ́ ìkejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn. Wọ́n rò pé àwọn ni mo ń bó o fún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń sọ fún mi bí ìjẹ́rìí náà ṣe máa rí. Èèpo já lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tán, mo gbé ọsàn sílẹ̀, mo sì mú àtàǹpàkò wọn.

N kò di ọwọ́ wọn mú rí. Ó rọ̀, ó gbóná, òdòdó àná ṣì hàn fírífírí níbi tí ọṣẹ kò tíì mú un kúrò. Mo fi nu bébà dídán: òdòdó kúrò, ó wá sí àtàǹpàkò wọn. Mo fi igun aṣọ mi nu àtàǹpàkò náà, mo fi nu bébà kejì. Òdòdó dúró.

Mọ́mì wo àtàǹpàkò wọn. Wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ wọn sókè, wọ́n wo ìyẹn náà.

“Ti àná ńkọ́?” ni wọ́n bi mí, ohùn wọn kéré ju tèmi lọ.

“Íǹkì ni, mà.”

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sáàárín bébà méjèèjì, kí wọ́n fúnra wọn yan èyí tí kọ́kọ́rọ́ máa bá lọ. Mo pín ọsàn náà sí méjì, mo gbé ìdajì kan sílẹ̀ fún wọn, mo sì jáde lọ to àga.